Bí A Ṣe Ń Ká Aṣọ Nílé Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Òjò ṣáá. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ tún ti dákú, ẹni tó ń tún un ṣe sì ní kí n ṣe sùúrù, bíi pé sùúrù ni mo máa ká fún àwọn oníbàárà. Aṣọ tutù kún orí gbogbo okùn, ó wọ pálọ̀, ó dórí àga Ìyá wa. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti lé àwọn kúrò lórí àga nítorí ṣòkòtò oníṣòkòtò. Ọṣẹ ìfọṣọ ti fi ìdajì gbówó lérí. Mo bá ẹni tó ń tà á jà dáadáa, lẹ́yìn náà mo san án.

Kóòtù Tíṣà, olùkọ́bìnrin tó ń gbé aṣọ fún wa fọ̀, ṣì wà níbí. Kóòtù búlúù tó wúwo, kóòtù ọkùnrin. Láti bí oṣù kan ni ò ti yọjú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oníbàárà tó ń pẹ́. Mo bi Ẹlẹ́nu tó ń bá wa lọ aṣọ bóyá ó mọ ohun tó bí i nínú.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé bọ́tìnì tó ń já lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò tó lé èèyàn lọ?"

Ẹnu ẹ̀ tún gbà á láti sọ ọ́! Òun tó ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ bí ẹni ń pa ejò. Mo ti bá a wí títí lórí bọ́tìnì yẹn, èmi ni mò ń ra òmíràn tí mò ń rán an padà. Ó tún búra pé ọwọ́ òun kọ́.

Àbúrò mi, Jẹ́jẹ́, tó ń wa ọkọ̀ wa, tó ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà nílé, ní Tíṣà ti kó kúrò níbi tó ń gbé. Mo ní níbo ló kó lọ? Ó ní òun ò mọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ayọ̀ wọlé wa! Ìyá wa ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní, "Jẹ́jẹ́, kí ló dé tó o kàn ń wo oúnjẹ níran báyìí? Obìnrin ni, àbí?" Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo pariwo débi pé ìbọn lẹnikẹ́ni tó wà níta máa rò pé ó dún.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò mú ẹnì kankan wálé rí. Láti kékeré la ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Ọmọ tó máa ń bẹ ewúrẹ́ kó tó lé e. Mo ti ń bẹ̀rù pé àwa obìnrin méjì yìí ló máa bá gbó.

Mo bi í pé, "Ṣé òun náà fẹ́ ẹ?"

"Ó fẹ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Kò tíì mọ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ìyá wa. Wọ́n ní, "Má dààmú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Èmi náà dá sí i. Mo ní kó má jẹ́ kó sú u, pé obìnrin tó níyì kì í yá bọ̀rọ̀, ẹni tó bá dúró pẹ́ ló ń rí i gbé. Ó ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo rí Tíṣà! Ní kẹ́mísìtì. Bó ṣe gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún ló ti sá sẹ́yìn ibi tí wọ́n to oògùn ikọ́ sí. Mo ní, "Tíṣà, kí lẹ jẹ mí tẹ́ ẹ fi ń sá pamọ́?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ta lẹ rò pé ó jẹ́?"

Ó ti rù. Ọrùn ẹ̀ ò kún ẹnu aṣọ mọ́. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí fún mi. Ẹnì kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri, kò sì mọ ẹni náà. Fóònù ẹ̀ á dún, tó bá gbé e, èémí nìkan ló máa gbọ́. Nígbà míì tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bá aṣọ ìnujú ẹ̀ tó ti sọ nù tipẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti fọ̀ ọ́, wọ́n á ti lọ̀ ọ́. Ó sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa kí èèyàn ní ẹni tó fẹ́ràn òun. Tíṣà fúnra ẹ̀ ń fura sí olùkọ́ ìṣirò tó máa ń wò ó jù. Nígbà tí kò lè sùn mọ́, ó kó kúrò nílé náà láìsọ fẹ́ni kankan.

Inú bí mi gan-an. Mo ní ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò kọ́ ni, mo ní ìyà tó máa jẹ ẹ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé kóòtù ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Mo ní láéláé. Ẹrù oníbàárà ò sọ nù rí nínú ilé ìfọṣọ wa láyé bàbá wa, kò ní sọ nù láyé tèmi.

Ojú ẹ̀ yí padà. "Kóòtù bàbá mi ni, Mà. Òun nìkan ni mo rí gbé nígbà tí wọ́n kú."

Mo ní èmi fúnra mi máa gbé e wá. Ó ronú, ó ronú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá sọ àdúgbò àti ilé náà sí mi létí. "Ẹ̀yin nìkan, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi nìkan."

Mo sọ ìtàn náà nílé nígbà tá a ń jẹun, àmọ́ mi ò dárúkọ àdúgbò o, èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu bíi Ẹlẹ́nu. Ìyá wa ní Ọlọ́run á mú oníwà ìkà náà. Jẹ́jẹ́ ní, "Bóyá ẹni náà ò ní ibi lọ́kàn." Mo ní kó dákẹ́ jàre, pé àánú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ọjọ́ kan ló máa bẹ olè jókòó.

Àbámẹ́ta, 15

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ tòní. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kóòtù náà, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo fi ọ̀rá bò ó. Òjò ń rọ̀. Jẹ́jẹ́ wò mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú òjò yìí lẹ fẹ́ gbé e gbà? Ẹ jẹ́ n gbé yín."

Mo rántí pé mo ní èmi nìkan. Mo sì bi ara mi léèrè: ṣé àbúrò ẹni ni wọ́n ń pè ní ẹlòmíràn? Ọwọ́ ọ̀tún mi ni. Ẹni tó bá ní òun nìkan ló ń bọ̀, ṣé ó máa já ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sílẹ̀ nílé ni? Mo wọ ọkọ̀. Kí n má bàa yẹ àdéhùn, mo ní kó dúró sí ìkóríta, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo ta.

Yàrá kan ni. Tíṣà ti fi páálí dí fèrèsé. Ó gbé àga ti ilẹ̀kùn, ó ní láti gbé e kúrò kó tó lè ṣí i fún mi. Ó gbé kóòtù náà wọ̀ lójú ẹsẹ̀, nínú ilé, ó sì jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Mo bá a sunkún díẹ̀. Ó ní òun ń kó àwọn nǹkan tí ẹni náà ń fi sílẹ̀ jọ torí àwọn ọlọ́pàá. Ó tú wọn jáde látinú àpò ọ̀rá.

Aṣọ ìnujú funfun ló kọ́kọ́ já bọ́.

Bí bàbá wa ṣe kọ́ wa láti ká aṣọ kékeré nìyí: ìlọ́po mẹ́ta lóròó, ìlọ́po mẹ́ta níbùú, kó o wá ki igun tó gbẹ̀yìn bọ inú àpò tí aṣọ fúnra ẹ̀ ti ṣe, kó má bàa tú tí wọ́n bá jù ú sínú ọkọ̀. Bàbá wa ló dá a, nígbà tí wọ́n ń fọṣọ ní ilé àlejò. Mi ò rí i lọ́wọ́ alágbàfọ̀ kankan rí. Ọwọ́ mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n ká báyẹn láyé báyìí, èmi, Ẹlẹ́nu àti Jẹ́jẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Ẹlẹ́nu, apá kejì ló máa ń ki igun tiẹ̀ sí.

Mo di aṣọ náà mú. Apá tiwa, èmi àti Jẹ́jẹ́, ni wọ́n ki igun ẹ̀ sí. Tíṣà ní, "Mà, ṣé ẹ mọ nǹkan kan ni?"

Mo ní, "Rárá."

Mo padà sínú ọkọ̀. A ti rìn jìnnà díẹ̀. Jẹ́jẹ́ wá ní, "Ó gba kóòtù?"

"Ó gbà á."

"Ó wọ̀ ọ́ wò?"

Mo ní kó máa wojú ọ̀nà.

Àìkú, 16

Ó lè jẹ́ pé inú aṣọ tá a gbé lọ fún un nígbà kan ló ti já bọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo wọ yàrá Jẹ́jẹ́ nígbà tó lọ gbé aṣọ. Mo ń sọ fún ara mi pé abẹ́rẹ́ ni mò ń wá. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, agolo súìtì ikọ́ kan wà níbẹ̀. Mo ṣí i. Bọ́tìnì ni, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin, wọ́n fi ọbẹ gé wọn ni, òwú ṣì wà lára wọn. Àwọn tí èmi fúnra mi rà láti fi dípò èyí tó sọ nù, tí àwọ̀ wọn ò bára mu dáadáa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mò ń rán an, ó ń gé e.

Mo jáde, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹlẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ara yín yá?"

Ọjọ́rú, 19

Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ mọ́ èmi àti Jẹ́jẹ́, mo gbé agolo náà síwájú ẹ̀. Mo rò pé ó máa sẹ́. Kò sẹ́. Ó dà bíi pé ara tù ú.

Ó ní ọjọ́ kan ni òjò ńlá ń rọ̀, tí òun gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láìtutù. Tíṣà wò ó lójú, ó ní, "Kí ni ǹ bá ṣe láìsí yín?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán! Gbogbo oníbàárà ló ń sọ bẹ́ẹ̀!"

"Kò sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ló sọ ọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fi kọ́lé, ó ti ń gbé inú ẹ̀ láti bí ọdún kan. Ó mọ àwọ̀ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó mọ ìgbà tí òtútù bá mú un. Ó ní òun kì í ṣe nǹkan kan, òun kàn ń ṣọ́ ọ kí ohun búburú má ṣe é ni. Mo ní, "Ìwọ ni ohun búburú náà! Ó ń rù! Ó ń fi àga ti ilẹ̀kùn nítorí ẹ!"

Ó wò mí, àánú mi sì ń ṣe é. "Kò mọ̀ pé èmi ni, ẹ ò rí i? Tó bá mọ̀ pé èmi ni, ẹ̀rù ò ní bà á."

Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ohun tó rí nìyẹn. Mo bú sẹ́kún. Bó ṣe rí ẹkún mi lòun náà bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó fi sàréè bàbá wa búra pé ó ti parí. Mo gbà á gbọ́. Mo kàn gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Ẹtì, 21

Ìyá wa ti gbọ́. Mo rò pé wọ́n á fi igbe ta. Wọ́n ní, "Ìyẹn náà ni? Ká múra ká lọ bá àwọn èèyàn ọmọ náà, ká fẹ́ ẹ fún un. Ó ti yá."

"Màámi, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà á! Ó ń fi àga ti ilẹ̀kùn!"

"Obìnrin wo ni kì í tilẹ̀kùn?"

Ọjọ́bọ̀, 27

Tíṣà pè mí. Mi ò kọ́kọ́ dá ohùn ẹ̀ mọ̀. Ó ní aṣọ ìnujú kan wà lójú fèrèsé òun láàárọ̀ yìí, nílé tuntun. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, Mà."

Mo ní, "Mi ò sọ fẹ́nì kankan."

Òótọ́ ni. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, òótọ́ ni. Mi ò sọ ọ́, mo kàn jẹ́ kó gbé mi débẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi òótọ́ parọ́ tó tóbi tó báyẹn.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Sàréè bàbá wa ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́ràn wọn jù nínú wa.

Ẹtì, 28

Oòrùn yọ. Gbogbo aṣọ gbẹ. Mi ò ká ìkankan nínú wọn.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo tún yí padà. Ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo sì rí ọrùn Tíṣà lójú mi, bí kò ṣe kún ẹnu aṣọ mọ́. Mo wọlé.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú ní, "Ṣé ó lù ú ni?" Mo ní rárá. "Ṣé ó jí i lówó?" Mo ní rárá. Ó dẹ̀yìn. "Ìyá, ẹ lọ fẹ́yàwó fún àbúrò yín, ìyẹn ló ń dà á láàmú." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo ti dìde tán nígbà tí ọlọ́pàá obìnrin kan yọ orí látinú yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí n wá bá òun.

Ó gbọ́ mi látòkè délẹ̀. Ó ní kéèyàn máa tọpa ẹnì kan, kó máa ṣọ́ ọ, kó máa pè é, kó máa fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí ẹ̀rù fi mú ẹni náà, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, kò dìgbà tó bá lu èèyàn. Mo ní àbúrò mi kì í pariwo, kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí.

"Ìyá, àwọn tó ń pariwo kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tó ti gbà lọ́kàn pé tàwọn lẹni náà. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá wá sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ò fẹ́, lójú tiwọn, ó dalẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò."

Mo gbé agolo bọ́tìnì sórí tábìlì. Ó ní kí ni orúkọ ẹ̀. Mo la ẹnu, "Jẹ́jẹ́" ló fẹ́ jáde. Mo wá pe orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí èmi fúnra mi lọ sọ fún Tíṣà. Ó ní ó tì. Àwọn ló máa sọ fún un.

Ọjọ́rú, 3

Wọ́n mú un lọ́sàn-án yìí.

Ọlọ́pàá obìnrin náà ló wá sọ fún mi fúnra ẹ̀. Tíṣà wà níbi iṣẹ́. Wọ́n bá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń kó aṣọ Tíṣà kúrò lórí okùn, tó ń ká wọn sórí àpótí ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun parí, pé òjò ti ṣú, aṣọ á tutù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Aṣọ ló ń ká."

Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó." Àgádágodo tuntun wà nínú àpò Jẹ́jẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, ó ti fi ìṣó kan irin tí wọ́n ń kọ́ àgádágodo sí mọ́ ilẹ̀kùn Tíṣà. Ó ní ilẹ̀kùn náà ò lágbára ni, òun fẹ́ kó wà láìléwu.

"Ìta ló kàn án mọ́, Ìyá. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹ̀."

Mo jókòó.

Ìyá wa ti gbọ́ pé èmi ni mo lọ fẹjọ́ sùn. "Ìwọ lo ta ọmọ mi." Wọ́n gbé àga wọn yí padà sí ògiri.

Àbámẹ́ta, 6

Ẹlẹ́nu nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn gan-an lè pa èèyàn.

Mo gbọ́dọ̀ bẹ Tíṣà. Mi ò lè fọṣọ, mi ò lè sùn, àfi tí mo bá bẹ̀ ẹ́. Mo pè é. Ó gbé e. Mo ní, "Tíṣà, èmi ni, ìyá alágbàfọ̀." Ó pa á.

Àìkú, 7

Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lọ́sàn-án. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó yá, fóònù ò lọ mọ́. Mo lọ sí ilé náà. Alábàágbé ní ó ti kó lọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ẹni yẹn gan-an, kò sọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ti yọ irin náà, ihò ìṣó ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Mo fi ìka bọ̀ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 9

Ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Àmọ́ níwájú ta ni kí n kúnlẹ̀? Ilé ìwé nìkan ni mo mọ̀. Mo lọ dúró sí òdìkejì títì nígbà tí wọ́n ń jáde. Mi ò rí i.

Ọjọ́rú, 10

Mo tún lọ. Mo rí i! Ó wọ kóòtù bàbá ẹ̀ nínú oòrùn yìí. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró gbagidi, ó sì padà sínú ọgbà. Ojú ń tì í ni, tàbí inú ṣì ń bí i. Inú kì í bíni títí láé. Tí mo bá dúró pẹ́ tó, ó máa rọ̀.

Ẹlẹ́nu ní, "Màmá, ibo lẹ ń lọ lójoojúmọ́ tí aṣọ fi ń kún ilẹ̀?" Mo ní kó gbájú mọ́ áyọ́ọ̀nù ẹ̀.

Ẹtì, 12

Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà mú un jáde. Ibẹ̀ ni mo lọ dúró sí. Òun àti olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n jọ yọ. Mo sáré sọdá, mo ní, "Tíṣà, ẹ dúró! Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀!"

Ó pariwo. Mi ò gbọ́ irú ariwo báyẹn lẹ́nu àgbàlagbà rí. Ó ju báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó sáré padà sínú ọgbà, kóòtù náà ń gbá a lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò mí. Mo ṣa ìwé ẹ̀ jọ sínú báàgì. Olùkọ́ ìṣirò gbà á lọ́wọ́ mi. Kò kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ọlọ́pàá obìnrin náà pè mí. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní Tíṣà ti wá sí àgọ́ wọn, ẹjọ́ tuntun ló wá fi sùn. Mo ní, "Ta ló tún ń dà á láàmú?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní èmi tí mo fa ọmọ ìyá mi lé yín lọ́wọ́! Èmi tí ìyá mi ò kí mi mọ́! Ẹ̀bẹ̀ lásán ni mo fẹ́ bẹ̀, mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀!

"Ẹ fẹ́ kó dárí jì yín."

"Ṣé ìyẹn burú ni?"

"Ó ní kẹ́ ẹ má wá mọ́. Ó pa fóònù, ó kó kúrò nílé, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó pariwo. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó sọ ọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀rù mi ò yẹ kó bà á. Kò tíì gbọ́ mi yé ni. Tó bá lè fún mi láyè díẹ̀ kó gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi..."

Mi ò lè parí ẹ̀. Fóònù ṣì wà létí mi. Ohùn mi nìkan ni mò ń gbọ́ nínú orí mi, mo sì mọ ẹni tí ohùn náà jọ.

Ọjọ́rú, 17

Òjò. Mo múra lọ́sàn-án, mo wọ bàtà, mo dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá wa wò mí látorí àga wọn. Mo dúró síbẹ̀ títí agogo tí wọ́n ń jáde nílé ìwé fi kọjá.

Mo bọ́ bàtà. Tíṣà ò ní dárí jì mí, torí mi ò ní dé ibi tó ti lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo lọmọ náà ń tọrọ lọ́wọ́ ilé wa, pé ká fi òun sílẹ̀. Mi ò jáde lónìí.